Ìbọn airless mi ń tutọ́, ó ń fa ìlà: ẹ̀yin tó ń kun irin, ẹ bá mi dá sí i

Ọmọ Òṣogbo, Aberdeen

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jẹ́ ọ̀dà irin ni mò ń wá. Epoxy, ọ̀dà tí a máa ń pò mọ́ hardener kó lè dì, là ń fi ìbọn airless (èyí tí pọ́ǹpù fi ń ti ọ̀dà jáde láìlo afẹ́fẹ́) fọ́n sára irin tó ń lọ sí ibùdó epo lórí òkun North Sea. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìbọn náà ti ń ṣe ségesège. Ó ń fa ìlà méjì tó nípọn sí òkè àti ìsàlẹ̀, àárín á wá fẹ́lẹ́. Nígbà míì á kọ́kọ́ tutọ́ kó tó fọ́n. Tí mo bá gbé prẹ́ṣọ̀ sókè, á dára díẹ̀, á tún padà síbi tó wà. Ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò ti ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí ọ̀dà kò tó. Kí ni kí n kọ́kọ́ tú? Báwo lẹ sì ṣe ń fọ tiyín nírọ̀lẹ́?

Ọmọ Abẹ́òkúta, Houston

Àbúrò, má tíì tú nǹkan kan. Wo nọ́ńbà tó wà lára tip rẹ ná, ìyẹn ohun kékeré oníhò tó wà lẹ́nu ìbọn. Tó bá jẹ́ 517, sọ 5 yẹn di ìlọ́po méjì, ó di 10: ìyẹn ni fífẹ̀ ìfọ́n rẹ ní ínṣì, tí o bá dúró ní nǹkan bí ínṣì 12 sí irin. 17 tó gbẹ̀yìn ni ihò rẹ̀, 0.017 ínṣì. Fọ́n ìlà kan sára páálí, kí o fi rúlà wọ̀n ọ́n. Bí 10 bá ti di 7 àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sísàlẹ̀, tip ti jẹ, ra òmíràn. Bí tip ṣe ń jẹ, ihò rẹ̀ ń tóbi, ìfọ́n sì ń kéré, ọ̀dà tó pọ̀ jù á wá máa dà síbi tóóró. Ẹni tó bá ń fi prẹ́ṣọ̀ tún un ṣe, ṣe ló ń jẹ́ kó tètè jẹ sí i. Ọ̀dà oní-zinc ló burú jù fún tip, nítorí lúbúlúbú irin ló kún inú rẹ̀.

Bí fífẹ̀ bá ṣì pé, fílítà ló kàn. Ọ̀kan wà lẹ́nu páìpù tó ń fa ọ̀dà, ọ̀kan wà lára pọ́ǹpù, ọ̀kan sì wà nínú ọwọ́ ìbọn fúnra rẹ̀. Ti inú ọwọ́ ìbọn yẹn ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé. Bí ọ̀dà bá gan síbẹ̀, ohun tó ń dé tip kò ní tó mọ́, ìlà méjì tí o rí yẹn ló máa ń fà. Fílítà 60 mesh bá ọ̀pọ̀ epoxy lọ; bí nọ́ńbà mesh bá ṣe ń ga ni ihò rẹ̀ ń kéré. Ihò 100 ti kéré jù fún ọ̀dà tó ki. Ní ti zinc, 30 là ń lò, àwọn mìíràn a tilẹ̀ yọ ti inú ìbọn kúrò. Ìwé tí àwọn tó ṣe ọ̀dà náà kọ ni kí o tẹ̀ lé ju ọ̀rọ̀ tèmi lọ.

Ìbéèrè kan: níbo lẹ ń kó àwọn gálọ́ọ̀nù ọ̀dà yẹn sí lóru? Òtútù Aberdeen kì í ṣe kékeré. Epoxy tó bá tutù á ki, ìbọn tó mọ́ pàápàá á fa ìlà.

Ọmọ Òṣogbo, Aberdeen

Ẹ̀gbọ́n, inú kọ̀ǹténà ìta ni o. Kò sí híítà níbẹ̀.

Ọmọ Abẹ́òkúta, Houston

Ẹ gbé èyí tí ẹ máa lò lọ́la wọlé lónìí, kó sùn níbi tó móoru. Ẹ má ṣe fi tínà tú u ju iye tí ìwé rẹ̀ gbà lọ kó lè ṣàn, torí pé ọ̀dà á fẹ́lẹ́, á sì máa ṣàn wálẹ̀ lára irin.

Wàyí o, kí o tó fọwọ́ kan tip tàbí fílítà, tú prẹ́ṣọ̀ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ ní ẹsẹẹsẹ nítorí mo fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n sórí. Ti tírígà pa. Pa ẹ̀rọ, kí o yí prẹ́ṣọ̀ wálẹ̀ pátápátá. Ṣí fáàfù tó ń da ọ̀dà padà sínú báàkẹ́ẹ̀tì. Ṣí tírígà, kí o fà á sínú báàkẹ́ẹ̀tì irin, kí ara ìbọn kan etí irin náà, títí nǹkan kan kò fi ní jáde mọ́. Tún tírígà tì. Báàkẹ́ẹ̀tì yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ irin, kí wáyà áàtì wà lára rẹ̀. Tínà tó ń sáré jáde máa ń kó iná mànàmáná jọ sára, tí iná yẹn kò bá rí ilẹ̀ bá lọ, ìtapárá kékeré kan ti tó láti dáná sun ènìyàn.

Bí tip bá dí lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn kò le. Yí i padà sẹ́yìn, fa tírígà díẹ̀ sínú báàkẹ́ẹ̀tì, kí o dá a padà. Tí kò bá là lẹ́ẹ̀mejì, má bá a jà: tú prẹ́ṣọ̀ kí o yọ ọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, Manchester

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀ níbí. Nọ́ọ̀sì ni mí. Prẹ́ṣọ̀ ìbọn tí ẹ ń sọ yìí máa ń ju 2,000 psi lọ, ọ̀dà tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde lè gba inú awọ ara wọlé láìjẹ́ pé ìbọn náà fara kan ènìyàn rárá. Ìbọ̀wọ́ kò lè dá a dúró. Ohun tó ń tan àwọn ènìyàn jẹ ni pé ojú ihò náà kì í ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ó lè má ṣẹ̀jẹ̀, ó sì lè má dùn wọ́n ní wákàtí àkọ́kọ́. Wọ́n á fi báńdéèjì wé e, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́. Lábẹ́ awọ, ọ̀dà àti tínà ti ń tọ ojú iṣan ìka lọ sínú àtẹ́lẹwọ́, ó ń pa ẹran ara. Ọ̀pọ̀ ló ti pàdánù ìka báyìí.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ lọ sí A&E, ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn, lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ gé ọwọ́, torí wọ́n á ní kí ẹ jókòó dè wọ́n. “High-pressure injection injury” ni kí ẹ pè é, kí ẹ sì béèrè dókítà oníṣẹ́ abẹ ọwọ́. Ẹ mú ìwé ààbò ọ̀dà náà dání, kí wọ́n lè mọ ohun tó wọlé. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ gbé ọwọ́ sókè, ẹ má jẹun, ẹ má mu nǹkan kan lọ́nà, nítorí ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé yín lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo bẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí tí kò sí níbí.

Ọmọ Adó-Èkìtì, Leeds

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n wa nọ́ọ̀sì. Èmi kò lo airless. Ìbọn oní-ife tó ń lo kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ni mo fi ń kun géètì àti àtẹ̀gùn irin. Ẹnì kan ní kí n máa ri gbogbo ìbọn náà sínú tínà mọ́jú. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Ìbàdàn, London

Kò dára rárá. Tínà á jẹ àwọn ṣíìlì inú rẹ̀, á fọ òróró kúrò, ìdọ̀tí tó ti yọ́ á sì wọnú ọ̀nà afẹ́fẹ́ lọ dí i. Da ọ̀dà inú ife nù, fi tínà díẹ̀ sí i, fọ́n ọn jáde títí á fi mọ́ gaara. Yọ air cap (ìdérí iwájú tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde), abẹ́rẹ́ àti ẹnu ìbọn. Àwọn yẹn nìkan lo lè rì fún ìgbà díẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ìtayín onígi ni kí o fi yọ ihò wọn, má fi wáyà tàbí ìṣó ṣe é láé. Ihò tí wáyà bá ti ha kò ní fọ́n dọ́gba mọ́.

Tí ìfọ́n rẹ bá tẹ̀ bí oṣù tuntun, yí air cap po ìdajì. Bí títẹ̀ náà bá yí sí òdìkejì, inú air cap ni ìdọ̀tí wà. Bí kò bá yí, ẹnu ìbọn ni kí o fọ̀. Tí ọ̀dà bá ń kán níwájú nígbà tí o kò fa tírígà, abẹ́rẹ́ kò jókòó dáadáa: ó lè jẹ́ ìdọ̀tí, ó sì lè ti jẹ. Àtòun àti ẹnu ìbọn la jọ ń pààrọ̀. Kán òróró sí ìdí tírígà àti ibi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé, ṣùgbọ́n kí òróró náà má ní silicone nínú. Silicone máa ń lé ọ̀dà sẹ́yìn, ojú iṣẹ́ á wá kún fún ihò wẹ́wẹ́. Máa da omi inú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ nù lójoojúmọ́ pẹ̀lú.

Tó bá sì jẹ́ polyurethane oní-hardener lò ń fọ́n, kẹ́míkà isocyanate wà nínú rẹ̀, ikọ́ fée tó ń fà kì í lọ bọ̀rọ̀. Ìbòjú tí afẹ́fẹ́ tútù ń wọ̀ láti inú họ́ọ̀sì ni kí o lò, má sì bọ́ ọ nígbà tí o bá ń fọ ìbọn. Ìgbà fífọ̀ yẹn ni àwọn púpọ̀ ń bọ́ ọ.

Ọmọ Òṣogbo, Aberdeen

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìfọ́n rẹ̀ kù díẹ̀ kó pé 10, tip kò tíì jẹ. Fílítà inú ọwọ́ ìbọn ni! Ọ̀dà ti gan mọ́ ọn bí ẹní lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ọ̀dà tó sùn nínú ilé náà ń ṣàn geere. Mo dúpẹ́ gidigidi. Báwo wá ni mo ṣe máa fọ̀ ọ́ tí kò fi ní gan mọ́? A sì máa sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà Kérésì.

Ọmọ Abẹ́òkúta, Houston

Epoxy kì í gbẹ bí ọ̀dà ara ògiri, ó ń dì ni, kódà nínú họ́ọ̀sì tí afẹ́fẹ́ kò dé. Wo iye wákàtí tí ìwé fún un lẹ́yìn pípò, kí o rántí pé ooru ń gé e kúrú: lọ́dọ̀ wa níhìn-ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ohun tó ń tó wákàtí méjì ní 20°C lè má ju wákàtí kan lọ. Bẹ̀rẹ̀ sí fọ̀ ọ́ kí àkókò yẹn tó pé. Tí wọ́n bá lọ jẹun, má fi epoxy sílẹ̀ nínú họ́ọ̀sì.

Yọ tip, jẹ́ kí prẹ́ṣọ̀ wà nílẹ̀, fa tínà epoxy gba inú rẹ̀ títí á fi mọ́, kí o tún fa tínà tuntun lẹ́yìn rẹ̀. Tínà àkọ́kọ́ yẹn, dé e pa. Ìdọ̀tí rẹ̀ á jókòó sísàlẹ̀, wàá lè fi òkè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fífọ̀ lọ́la. Má dà á sí gọ́tà. Má sì jẹ́ kí tínà tó ní methylene chloride tàbí 1,1,1-trichloroethane wọ ẹ̀rọ náà, nítorí tó bá pàdé aluminium lábẹ́ prẹ́ṣọ̀, ó lè bú gbàmù. Kán òróró TSL, èyí tó wà fún ṣíìlì pọ́ǹpù, sínú ife kékeré tó wà lórí pọ́ǹpù láràárọ̀. Tí òróró yẹn bá ń yí àwọ̀ padà di ti ọ̀dà, ṣíìlì pọ́ǹpù ti ń jẹ.

Fún ìsinmi Kérésì, má fi omi sílẹ̀ nínú rẹ̀ rárá. Omi á di yìnyín, á la pọ́ǹpù, èyí tí kò bá dì á mú irin dípẹtà. Lẹ́yìn tínà, fa òróró ìpamọ́ tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ń tà, tàbí white spirit, kún inú pọ́ǹpù àti họ́ọ̀sì, kí o tú prẹ́ṣọ̀ sílẹ̀ kí o tó lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá padà, fi tínà epoxy fọ òróró náà jáde pátápátá kí o tó da ọ̀dà sí i. Bí ó bá ṣẹ́kù díẹ̀, ọ̀dà ọjọ́ náà kò ní lẹ̀ mọ́ irin dáadáa.