Èsì: àwòṣe, àkọ́kùn, àrẹlẹ̀ àti àbòdán (ọ̀rọ̀ lórí kíkun ọkọ̀ eré ìje kékeré)

Ẹ̀yin èèyàn mi,

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa kan ti béèrè ohun tí a lè máa pe àwọn ọkọ̀ eré ìje kékeré tí àwọn àgbàlagbà ń fi ike tò pọ̀, tí wọ́n ń kùn, tí wọ́n sì ń dán títí ojú wọn á fi dà bíi dígí. Èsì wọlé wìtìwìtì. Ẹnì kan ní ká máa pè é ní "ọkọ̀ ìṣeré". Ẹlòmíràn ní "ẹ̀dà ọkọ̀". Ẹni kẹta kó gbogbo iṣẹ́ ọ̀dà sábẹ́ "ìkunlẹ́wà", ó sì pe irinṣẹ́ tí a fi ń fín ọ̀dà ní "búrọ́ọ̀ṣì afẹ́fẹ́". Èmi náà ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ yìí fún ìgbádùn ara mi, n ò sì fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọkọ̀ ìṣeré ni ti ọmọdé, èyí tó ń fà kiri ilẹ̀ tí taya ẹsẹ̀ kan á yọ tí ẹnikẹ́ni ò ní bìkítà. Èyí tí à ń sọ, bí ọmọ bá fọwọ́ kàn án, ilé ò ní rójú mọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ wo Tamiya, ilé iṣẹ́ Japan tó wà ní Shizuoka: ó ń ṣe irú ọkọ̀ yìí, ti eré ìje Formula 1, ní ìdá ogún, ìyẹn ni pé gbogbo mítà kan lára ọkọ̀ gidi di sẹ̀ǹtímítà márùn-ún péré. Ọkọ̀ tó gùn ju mítà mẹ́rin lọ á wá di ohun tí èèyàn lè gbé sórí àtẹ́lẹwọ́ méjì, síbẹ̀ bẹ́líìtì ìjókòó, wáyà ẹ́ńjìnnì àti ìṣó ara taya, gbogbo wọn ló ní láti wà níbẹ̀, kí wọ́n sì kéré níwọ̀n kan náà.

"Ẹ̀dà" sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀dà ò sọ pé nǹkan kéré. Bí mo bá ní kí ẹ bá mi ṣe ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí, ẹ ò ní dín in kù kí n máa fi awò wá orúkọ mi. Ohun tí mo fi sílẹ̀ fún yín ni "àwòṣe": a wò ó, a ṣe é. Ẹnì kan ti sọ pé a ó máa ṣì í mú fún "àwòkọ́ṣe". N ò rò bẹ́ẹ̀. "Kọ́" tó wà láàrin àwòkọ́ṣe ló gbé gbogbo ẹrù rẹ̀. Ẹni tí à ń kọ́ ìwà lára rẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tó ń kọ́ ìwà lára ike. Ní ti títóbi tàbí kíkéré, èdè wa ti ní ìdá nílẹ̀ tipẹ́: àwòṣe ìdá méjìlá, àwòṣe ìdá ogún, àwòṣe ìdá mẹ́rìnlélógún, títí dé ìdá mẹ́tàlélógójì tó kéré débi pé àpò ṣòkòtò gbà á. Kí la tún fẹ́ fi "síkéèlì" ṣe?

Ó wá kan ọ̀dà, ibẹ̀ sì ni ìjà wà.

Kí ọ̀dà tó kan ike rárá, a ó fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, nítorí epo tí wọ́n fi ń yọ ọ́ nínú ẹ̀rọ ṣì wà lára rẹ̀, ọ̀dà ò sì ní dì mọ́ epo. A ó fi sáńpépà pa ojú ibi tí ike méjì ti pàdé rẹ́. Lẹ́yìn èyí ni a ó fín ọ̀dà àkọ́kọ́, tó sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ eérú tàbí funfun. Ẹ ní ká pè é ní "ọ̀dà ìpìlẹ̀". N ò bá yín jà, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ilé nípọn, ilẹ̀ bò ó, a ò sì ń retí pé kó sọ nǹkan fún wa. Ọ̀dà yìí tín-ín-rín, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó tú àṣírí: gbogbo ibi tó họ àti kòtò tí ojú ò rí lára ike á fara hàn bó bá ti gbẹ. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ "àkọ́kùn", bí àkọ́bí àti àkọ́so. Àwọn pẹ́ńtà ọkọ̀ ń lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "primer", mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ò ní kọ àkọ́kùn bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí pé ó gbọ́dọ̀ tín-ín-rín, torí ẹni tí kò bá ṣe é rí kì í mọ̀ ọ́n. Ọ̀dà ara ọkọ̀ gidi nípọn tó nǹkan bí 0.1 mm. Ẹ fi ìwọ̀n yẹn sí ara àwòṣe ìdá ogún, ó di ìgbà tí èèyàn kun ọkọ̀ gidi ní ọ̀dà tó nípọn mílímítà méjì: gbogbo ìlà tó wà níbi tí ara ọkọ̀ ti pàdé á dí, ọkọ̀ á sì dà bí ohun tí wọ́n rì bọ inú ẹ̀kọ gbígbóná. Nítorí náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ la ń fín in, a dúró kó gbẹ, a tún fín in.

Ẹnì kan kọ̀wé pé Yorùbá ò lè ṣe iṣẹ́ yìí nítorí pé a ò ní ju àwọ̀ mẹ́ta lọ, funfun, dúdú àti pupa. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí gan-an. Ẹ mú McLaren MP4/4, ọkọ̀ Formula 1 ti ọdún 1988, èyí tó lo ẹ́ńjìnnì Honda. Ìdíje 16 ló wà lọ́dún yẹn, ọkọ̀ yìí gba 15 nínú wọn: nínú àwọn awakọ̀ rẹ̀ méjèèjì, Ayrton Senna gba 8, Alain Prost gba 7. Funfun àti pupa ni. Pupa wo? Títí di òní àwọn tó ń ṣe àwòṣe rẹ̀ ṣì ń jiyàn. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ó dà bíi pupa páálí sìgá Marlboro, onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Lójúkorojú, ó sún mọ́ àwọ̀ ọsàn tó pọ́n, ó sì ń kọ mànà, nítorí pé irú ọ̀dà tó ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó sì ń tú u padà sójú èèyàn ni wọ́n lò. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe pupa kò bá wọn yanjú rẹ̀; wọ́n ní láti pín in sí méjì, kí wọ́n tún fi orúkọ kẹta lé e. Àwa ní pupa yòò. Yòò kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀, ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni: iná ń tàn yòò. Pupa tó ń tàn ni, kò sì ní kí a yàn láàrin pupa àti àwọ̀ ọsàn, torí àtilẹ̀wá ni pupa ti gba àwọn méjèèjì mọ́ra. Ó tún wúlò lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀dà yìí kì í bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ dáadáa, nítorí náà orí àkọ́kùn funfun báláú ni a gbọ́dọ̀ fín in sí. Bí ẹ bá fín in sórí àkọ́kùn aláwọ̀ eérú, pupa yòò á kú di pupa rúsúrúsú. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ méjì yìí ṣe sọ àṣìṣe náà láìsí àlàyé.

Ní ti dúdú, ọkọ̀ Formula 1 Lotus 79 tí awakọ̀ Mario Andretti fi gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní 1978 dúdú, ó sì ní ìlà wúrà. Dúdú tí kò dán kọ́ o. Adúmáadán ni. Mo ti gbọ́ ọ nínú oríkì àwọn obìnrin wa tó pọ̀, n ò sì rí ìdí tí ọkọ̀ ò fi lè jẹ́ ẹ.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí àwòrán àti orúkọ onígbọ̀wọ́ tó máa ń wà lára ọkọ̀ eré ìje. "Sítíkà" ò tó. Sítíkà ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, a bó o, a lẹ̀ ẹ́, ó parí. Eléyìí, awọ tín-ín-rín tí wọ́n tẹ àwòrán sí ni, orí ìwé ló wà. A ó rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ títí tí yóò fi tú, a ó sì rọra tì í kúrò lórí ìwé bọ́ sára ọkọ̀. Rírẹ ni, lílẹ̀ ni. Mo pè é ní "àrẹlẹ̀". Arákùnrin kan ti ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó dà bí ìgbà tí Ààrẹ bá lẹ̀ mọ́ àga. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ààrẹ fa ohùn gígùn níwájú, àrẹlẹ̀ ò fà á. Oògùn olómi kan wà tí a ń fi kùn ún lórí kó lè rọ̀ wọ inú àwọn ìlà ara ọkọ̀. Bó bá ti kàn án, gbogbo rẹ̀ á súnkì bí awọ arúgbó, àyà á sì já ẹni tí kò rí i rí. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Òun fúnra rẹ̀ á nà padà. (Àwọn àpótí tí wọ́n ń ta àwòṣe sí lóde òní kì í sábà ní orúkọ sìgá nínú àrẹlẹ̀ wọn mọ́, nítorí òfin, ẹni tó bá fẹ́ kí MP4/4 rẹ̀ pé á lọ ra àrẹlẹ̀ lọ́tọ̀.)

Lórí àrẹlẹ̀ ni a ó fín ọ̀dà tí kò ní àwọ̀, tó ń bò ó tó sì ń mú un dán. "Fáníìṣì" tí ẹnì kan dábàá, igi ló ni í, ó sì máa ń pọ́n. "Àbòdán" ni mo fẹ́. Àkọ́fín rẹ̀ gbọ́dọ̀ dà bí ìrì lásán, torí bó bá tutù jù, tínà inú rẹ̀ lè jẹ àrẹlẹ̀. Àwọn kan ń lo èyí tí a ń po oríṣi méjì pọ̀, bíi ti ọkọ̀ gidi. Ó dán gan-an, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ burú fún ẹ̀dọ̀fóró, kí ẹnikẹ́ni má fín in láìsí ìbòmú tó yẹ.

Ibi tí "ìkunlẹ́wà" ti ṣubú nìyí. Ẹni tó dá a lábàá rò pé bí ọ̀dà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹwà ń pọ̀ sí i. Lẹ́yìn tí àbòdán bá gbẹ tán, sáńpépà tó kúnná ni a ó mú, nọ́ńbà 2000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ (bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni sáńpépà ń kúnná), a ó fi omi sí i, a ó sì fi pa gbogbo dídán ọ̀hún rẹ́ títí ojú ọkọ̀ á fi ṣú. Lẹ́yìn náà, kọ́ńpáùn, ìpara tí a fi ń dán ojú ọ̀dà. Ti Tamiya pín sí mẹ́ta, láti èyí tó le dé èyí tó kúnná jù, ìkọ̀ọ̀kan ń pa ipa tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ fi sílẹ̀ rẹ́. Yíyọ ni gbogbo rẹ̀, kò sí kíkùn kankan níbẹ̀, bí a bá sì yọ ọ́ jù ní igun, àwọ̀ á ṣí, àkọ́kùn á yọjú. Àwọn agbẹ́gilére wa mọ èyí. Wọ́n ní orúkọ fún ìpele iṣẹ́ wọn: lílé, àlétúnlé, dídán, fínfín. Nígbà dídán, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń fá igi títí ara rẹ̀ á fi jọ̀lọ̀. Orúkọ iṣẹ́ ni dídán jẹ́ lọ́dọ̀ wọn, iṣẹ́ tí a fi ń yọ nǹkan kúrò, mo sì fẹ́ ká gbà á bẹ́ẹ̀. Àlétúnlé wù mí fún ọ̀dà tí à ń fín léra, ṣùgbọ́n gígé ni àwọn ń gé nígbà tiwọn, mo fi í sílẹ̀ fún wọn.

Fínfín ló ń dá wàhálà sílẹ̀. A ń fín igbá, a sì ń fín oògùn ẹ̀fọn. Iṣẹ́ méjèèjì wà lára àwòṣe: a ń fi abẹ fín ìlà sára ike, a sì ń fi ẹ̀rọ fín ọ̀dà. Ẹnì kan ní ká lo "fọ́n" fún ti ọ̀dà. Fọ́n ń tú nǹkan ká. Ẹni tó bá fọ́n ọ̀dà, ògiri ló máa kùn. Ẹ jẹ́ ká máa pe irinṣẹ́ yẹn ní "ìfínkùn", kùn tó wà nídìí rẹ̀ á jẹ́ ká mọ fín tí à ń wí. Kì í ṣe búrọ́ọ̀ṣì, kò ní irun kan ṣoṣo lára.

Ó ku èyí tí ojú ọ̀dà máa ń ṣe kókó wínníwínní nígbà tó bá gbẹ kó tó tẹ́jú. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì sí "èèpo ọsàn". Ọsàn tí wọ́n ń tà lójú pópó wa, wọ́n ti fi ọ̀bẹ họ ọ́ kó tó dé ọwọ́ wa, ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé à ń yin iṣẹ́ ni. Ẹni tó bá wà nítòsí àwọn pẹ́ńtà ọkọ̀ ní Mushin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń pè é láàrin ara wọn kí a tó dá orúkọ mìíràn.