Èsì: "amáfẹ́fẹ́mọ́" – irú "mọ́" wo nìyẹn?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n wa kan kọ̀wé síbí pé "ẹ̀rọ amúlétutù" tí àwọn oníròyìn ń lò fún AC kò kún tó. Wọ́n ní "ẹ̀rọ amáfẹ́fẹ́mọ́" ló yẹ, torí kì í ṣe pé ó ń mú ilé tutù nìkan, ó tún ń fọ afẹ́fẹ́. Wọ́n ní àwọn máa fi sínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ń ṣe fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ó di ọjọ́ kẹta tí mo ti ń gbìyànjú láti gbé e mì, kò lọ.

Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ìhun rẹ̀ kò lábùkù: a-, mú, afẹ́fẹ́, mọ́. Ìpajẹ, ìyẹn fáwẹ̀lì "mú" tó já kúrò, ṣẹlẹ̀ níbi tó yẹ kó ti ṣẹlẹ̀, mo fún yín ní máàkì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ló ń parọ́. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ kò wo ilé, ẹ kò tiẹ̀ wo ẹ̀yìnkùlé tí omi ẹ̀rọ náà ń kán sí.

AC ara ògiri tó wà ní ọ̀pọ̀ ilé wa, èyí tí apá kan rẹ̀ wà nínú yàrá tí apá kejì wà níta, kì í fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Gáàsì ló ń gba inú páìpù tó so wọ́n pọ̀, òun ló ń ru ooru jáde. Afẹ́fẹ́ inú yàrá náà ló ń fà, tó ń mú tutù, tó ń dá padà sí wa lára, tó tún ń fà. Bí èèyàn mẹ́rin bá sùn síbẹ̀, tí wọ́n ti fèrèsé pa gbọin-gbọin, èémí ara wọn ni wọ́n á máa pín títí ilẹ̀ á fi mọ́. Carbon dioxide, gáàsì tí à ń mí síta, tó wà nínú afẹ́fẹ́ òde lóde òní lé díẹ̀ ní ìdá 420 nínú mílíọ̀nù kan. Nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ó máa ń kọjá 1,000. Orí tó ń wúwo láàárọ̀, ẹ̀bi ẹ̀bà alẹ́ nìkan kọ́. Fílíìtì tí ẹ fín kí ẹ tó sùn ńkọ́? Inú ibẹ̀ náà ni. Tí èéfín jẹnẹrétọ̀ bá sì yọ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, carbon monoxide, gáàsì apani inú rẹ̀, kò lóòórùn, kò sì sí asẹ́ AC tó lè mú un. Ẹ wá fẹ́ kọ́ ọmọ ní orúkọ tó máa sọ fún un pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mọ́?

Ó ní asẹ́, mo gbà. Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin tó ń bá mi fọ tèmi gun àga, ó ṣí ìdérí funfun yẹn, ó fa asẹ́ yọ. Eruku ọyẹ́ ti hun ara rẹ̀ sí i bí òfì, ó ṣeé ká. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn ibẹ̀: àwọn irin pẹlẹbẹ tí omi máa ń sẹ̀ sí lára ti bu bí búrẹ́dì ọlọ́jọ́ márùn-ún, àwo tó ń gbomi nísàlẹ̀ ń yọ̀, ó sì ń rùn bí àkísà tí a kò sá. Afẹ́fẹ́ fẹ́, a rí fùrọ̀ adìyẹ. Mo ní, "Ṣé èyí ni mo ń fà símú látọjọ́ yìí?" Ó ní, "Màmá, ẹ ò pè mí ni." Ẹ̀rọ tí a gbọ́dọ̀ máa fọ̀ kó má baà kó ìdọ̀tí sí wa nímú, òun lẹ ní kó máa jẹ́ afọ̀!

Àbúrò wa tó wà ní Houston, ní Amẹ́ríkà, ní AC tiwọn ń gba inú àjà, asẹ́ rẹ̀ nípọn, ó ń mú eruku kíkúnná. Ó ṣeé ṣe. Asẹ́ ló ṣe ìyẹn, kì í ṣe títutù. Ọ̀pọ̀ ilé lọ́hùn-ún náà, afẹ́fẹ́ inú ilé ló ń yí po.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí "mọ́". "Mọ́" ti aṣọ mọ́ lẹ ní lọ́kàn. Èyí tí etí mi gbọ́ ni ti há mọ́, sé mọ́, lẹ̀ mọ́, ohùn òkè kan náà. Mo ní kí ọmọ-ọmọ mi kà á, ó bi mí pé, "Ó mú afẹ́fẹ́ mọ́ kí ni?" Ọmọ ọdún mọ́kànlá! Bí ẹ bá fẹ́ kí "mọ́" yín ṣòótọ́, ẹ kọ asáfẹ́fẹ́mọ́lé, ká mọ̀ pé ìsémọ́lé là ń sọ.

Ẹnì kan ní Gẹ̀ẹ́sì ti sọ gbogbo rẹ̀ nínú "air conditioning", ìyẹn títún afẹ́fẹ́ ṣe. Ta ló sọ fún yín? Brooklyn, ní New York, ni Willis Carrier, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, ti ṣètò ẹ̀rọ tirẹ̀ ní 1902, torí ìwé ilé ìtẹ̀wé kan ń fa ọ̀rinrin, ó ń fẹ̀, ó ń sún kì, àwọ̀ kò bára mu. Stuart Cramer, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà mìíràn, ló lo orúkọ náà ní 1906, nídìí iṣẹ́ òwú ní North Carolina, níbi tó ti ń fi ọ̀rinrin kún afẹ́fẹ́. Ọ̀kan ń yọ omi, èkejì ń bu omi sí i, orúkọ wá kárí àwọn méjèèjì. Kí ló kàn wá níbẹ̀? Amúlétutù tó mi. Ìyá bàbá mi kò rí AC rí, ṣùgbọ́n bó bá ti jí, á ní, "Ẹ ṣí fèrèsé kí ilé mí." Ilé tó tutù yé e dáadáa, ilé tó ń mí náà yé e, kò pa wọ́n pọ̀.

Ẹni tó ń kọ "amúlétútù" láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tó ní òun kàwé jù mí lọ: omi tutù, ọ̀rọ̀ ìṣe nìyẹn; omi tútù, ọ̀rọ̀ àpèjúwe nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìṣe ló tẹ̀lé "mú". Mo ti ń fi èyí kọ́ ọmọ láti 1989. Ṣé ẹ̀ka èdè yín ni àbí àṣìtẹ̀? N kò tíì rí èsì gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ní "afẹ́fẹ́" kò bá a mu, pé "atẹ́gùn" ni, ẹ ní sùúrù, ọ̀rọ̀ tiyín ń bọ̀ lọ́tọ̀.