Ẹ̀rọ oúnjẹ ọmọ: kí n rà á ni, àbí kí n fi owó rẹ̀ ra ẹja?

Ìyá Ire, Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá. Ire pé oṣù márùn-ún àti ààbọ̀ lánàá. Níbi ìwọ̀n ọmọ, nọ́ọ̀sì tún un sọ fún wa pé ọyàn nìkan ni títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà, kí oúnjẹ tó wá máa bá ọyàn rìn. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan ti gbà mí lọ́kàn. Ó máa ń fi ooru omi se oúnjẹ, á tún lọ̀ ọ́ nínú ike kan náà. Ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́ ní kò sí irú rẹ̀. Owó rẹ̀ tó ìdajì owó oṣù mi. Ọkọ mi ní kí n rò ó dáadáa, ìyá mi sì ní ọlọ òun ṣì wà ní Ọ̀yọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí n padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti lò ó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ rí níbẹ̀ fún mi.

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú ìtọ́jú o. Ire á dàgbà lójú yín. Èmi ò ra ẹ̀rọ olóoru yẹn. Bùlẹ́ńdà tí a fi ń lọ ata nílé ni mo lò, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí.

Mo fi ọṣẹ fọ ike rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo da omi gbígbóná sí i, mo gbóòórùn rẹ̀, kò rùn ata rárá. Mo wá lọ kárọ́ọ̀tì àti ọ̀dùnkún. Ṣíbí àkọ́kọ́ tí mo fi kan Táyé lẹ́nu, ó figbe ta, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń fọwọ́ nu ahọ́n. Kẹ́hìndé tí kò tíì jẹ nǹkan kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo tọ́ ọ wò: ata rodo! Mo tú ìdí abẹ rẹ̀. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi jò. Nígbà tí mo fi ìdí ṣíbí yọ ọ́, hóró ata mẹ́ta àti omi pupa ló sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Omijé bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ ra ike kékeré tó bá bùlẹ́ńdà wa mu, pẹ̀lú abẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ata ò kàn án títí dòní.

Ẹ má sì lọ iṣu o. Mo dán an wò rí, ńṣe ló ń fà bí iyán, ó lẹ̀ mọ́ ọmọ lókè ẹnu. Ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ iṣu, kí ẹ fi omi ọyàn tàbí omi ẹja tí kò níyọ̀ dẹ̀ ẹ́.

Láàárín oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ ni mo lo ike yẹn gan-an. Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n fi ń já ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi. Bí wọ́n ṣe pé ọdún kan, ohun tí à ń jẹ ni wọ́n ń jẹ, a kàn ń bu tiwọn sápá kan kí a tó da ata sí i.

Màmá Jómi, London

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi rà á, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná kì í lọ níbí. Lọ́jọ́ Sátidé mo máa ń se ti ọ̀sẹ̀ kan, mo máa ń dà á sínú ike tí a fi ń ṣe yìnyín, ó di fírísà. Láàárọ̀, kóró mẹ́ta péré ni mò ń yọ. Omi London ló fẹ́ bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́: ó ń fi nǹkan funfun bí ẹfun sílẹ̀ níbi tí a ń bu omi sí. Ìgbà kan ooru ò jáde mọ́, àfìgbà tí mo fi fínígà fọ̀ ọ́.

Bàbá Ìfẹ́

Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe. Ẹ yí ìdí ẹ̀rọ náà wò kí ẹ tó sanwó, ẹ wo iye wọ́ọ̀tì rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 400, tí fáànù méjì àti tẹlifíṣọ̀n sì ti wà lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré yìí tí a ń pè ní I better pass my neighbour, gílóòbù á máa ṣẹ́jú, ẹ̀rọ náà á kàn máa kùn ni. Ti fírísà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọn ò fi mú iná wá ládùúgbò wa, gbogbo oúnjẹ tí ìyàwó mi kó pamọ́ fún Ìfẹ́ yọ́. A dà á nù. Oúnjẹ ọmọ tó bá ti yọ́ báyẹn, ẹ má dì í padà.

Ìyá Àgbà, Òṣogbo

Ìyá Ire, ọmọ mi. Ọmọ márùn-ún ni mo tọ́, mi ò ní bùlẹ́ńdà. Ẹ̀wà ni kí o rẹ, kí o bó èèpo rẹ̀, kí o sè é jinná dáadáa, kí o fi ìjábẹ̀ jà á nínú ìkòkò, kí o sì fi ajọ̀ sẹ́ ẹ. Á kúnná ju ti ẹ̀rọ lọ.

Ohun tó ń dùn mí dòní ni ti àkọ́bí mi. Ògì lásán ni mo ń fún un, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Ó rù, irun rẹ̀ ń pọ́n. Nọ́ọ̀sì kan ló jókòó tì mí tó kọ́ mi pé kí n máa po ẹ̀pà lílọ̀, sóyà àti edé mọ́ ọn. Nítorí náà, ọmọ mi, ẹja, ẹyin àti ẹ̀dọ̀ ẹran ni kí o kọ́kọ́ rówó rà. Fi ìka méjì tẹ ẹja náà wò díẹ̀díẹ̀, kí egungun má bàa há a lọ́fun. Má sì fi oyin kàn án lẹ́nu kó tó pé ọdún kan.

Ìyá Ire, Ìbàdàn

Mo dúpẹ́ gan-an, màmá. Gbogbo yín, ẹ ṣé. Mi ò ra ẹ̀rọ náà mọ́. Mo ti ra ike kékeré àti abẹ tirẹ̀, mo gba Bódìjà kọjá, mo ra edé àti ẹyin. Nígbà tí mo délé, mo tú rọ́bà abẹ́ bùlẹ́ńdà wa wò. Hóró ata márùn-ún ni mo bá níbẹ̀, mo pe ọkọ mi kó wá wò ó.

Ọ̀kan ló kù: ilé tí mo fẹ́ máa gbé Ire sí lọ́jọ́ iṣẹ́ kò ní fíríjì. Fúláàsì oúnjẹ wo lẹ̀ ń lò tó ń gbóná dọ̀sán?