“Jẹ́”, “gba” tàbí “di”: ọ̀rọ̀ wo ni yóò gba ipò àmì “=”?

Ìbéèrè tí a gbé síwájú ara wa ní Kétu kò ju ẹyọ kan lọ: bí a bá ń ṣe èdè tí a ó máa fi kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, tí gbogbo ọ̀rọ̀ àṣẹ inú rẹ̀ sì jẹ́ Yorùbá, ọ̀rọ̀ wo ni a ó fi pàṣẹ pé kí iye kan wà lábẹ́ orúkọ kan? Ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n ń kọ́ni ní Àjàṣẹ́ ní “jẹ́” ni kí a lò, nítorí pé “owó jẹ́ 500” kò lè ṣòro fún ọmọ kankan láti kà. Àbúrò wa kan ní “gba” ni òun fẹ́, nítorí pé “reçoit” (ìyẹn “ó gba”) ni àwọn olùkọ́ máa ń pe àmì ọfà tí wọ́n ń kọ sójú pátákó nígbà tí wọ́n bá ń fi èdè Faransé kọ́ni ní iṣẹ́ yìí. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé “di” ni ọ̀rọ̀ náà.

“Jẹ́” ń sọ bí nǹkan ṣe wà; kò sọ pé ó kúrò ní ipò kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọba lánàá lè di Alákétu lónìí, kò sì sí ará Kétu tí yóò gbọ́ gbólóhùn yẹn tí yóò rò pé iṣẹ́ kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ń ṣe níbẹ̀. Bí a bá wá kọ “owó jẹ́ owó + 50”, irọ́ ni a kọ, nítorí pé kò sí iye tí ó jẹ́ ara rẹ̀ tí a tún fi àádọ́ta lé. Ṣùgbọ́n “owó di owó + 50” bá ohun tí à ń gbọ́ lọ́jà lójoojúmọ́ mu: gàrí tí a rà ní 550 lọ́jọ́ọjà tó kọjá ti di 600.

Irọ́ yìí kan náà ni àwọn tó ṣáájú wa bá jà. Robert Recorde, onímọ̀ ìṣirò kan, ni ó kọ́kọ́ fa ìlà méjì tó gùn bákan náà, “=”, nínú ìwé ìṣirò rẹ̀ ní ọdún 1557, kí ó má baà máa kọ ọ̀rọ̀ náà tán ní gbogbo ìgbà pé ohun méjì dọ́gba. Nígbà tí Fortran, èdè tí a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, jáde láti ilé iṣẹ́ IBM ní 1957, wọ́n mú àmì ìdọ́gba yẹn, wọ́n sì fi ṣe àmì ìyípadà. Àwọn tó ṣe ALGOL, èdè mìíràn irú rẹ̀, kọ̀, wọ́n lo “:=”, èdè Pascal sì tẹ̀ lé wọn. Ṣùgbọ́n èdè C, tí Dennis Ritchie ṣe ní ilé ìwádìí Bell Labs, padà sí “=”, ó sì lo àmì mìíràn, “==”, fún ìdọ́gba. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá gbàgbé ọ̀kan nínú “=” méjèèjì níbi tí ó ti fẹ́ béèrè bóyá owó jẹ́ 5 yóò ti sọ owó náà di 5 láìmọ̀, C kò sì ní kọ̀ ọ́ fún un. Èdè Python kì í gba irú àṣìṣe yẹn láàyè. Àríyànjiyàn lórí bóyá kí Python gba “:=” gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí Guido van Rossum, ẹni tí ó dá èdè náà sílẹ̀, fi ipò olórí sílẹ̀ ní oṣù keje 2018. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ kékeré ni à ń fà.

Ní ti “gba”, Faransé tó wọ aṣọ wa ni. Lẹ́nu wa, bí a bá ní àpò kan gba òṣùwọ̀n mẹ́wàá, ohun tí à ń sọ ni bí inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, kì í ṣe pé mẹ́wàá ti wà níbẹ̀. Ọmọ tí ó bá ka “owó gba 500” lè rò pé 500 ni òpin ohun tí ó lè wọ inú owó, kò sì ní jẹ̀bi. Àwọn ará Faransé fúnra wọn, nígbà tí wọ́n ṣe èdè LSE fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọn ní àwọn ọdún 1970, “si” (bí), “alors” (nígbà náà) àti “sinon” (bí bẹ́ẹ̀ kọ́) tí wọ́n ń sọ nílé ni wọ́n lò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wa béèrè ohun kan tí ó mú mi ronú: wọ́n ní ìròyìn ni “owó di 500”, kì í ṣe àṣẹ, bẹ́ẹ̀ àṣẹ ni à ń pa fún ẹ̀rọ. Òótọ́ ni. Ìdáhùn rẹ̀ ti wà nínú èdè: “sọ owó di 500.” Láti ara rẹ̀ ni a sì ti rí orúkọ fún iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, èyí ni “ìsọdi”, bí àwọn onímọ̀ gírámà ṣe ti ní “ìsọdorúkọ” tipẹ́. Mo sì fara mọ́ ọn pé kí “jẹ́” wà fún iye tí kò ní yí padà títí ètò yóò fi parí.

Ní ti ìfiwéra, èdè wa lọ́rọ̀ ju bí a ti rò lọ. “Owó tó 500” túmọ̀ sí pé 500 ni tàbí ohun tó jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣe iṣẹ́ tí àwọn yòókù ń fi àmì méjì ṣe, “kò tó” sì ni òdìkejì rẹ̀ gan-an. Àwọn kan fẹ́ kí a gé “lọ” kúrò lára “ju … lọ” kí ó lè kúrú. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má gé e. Nínú “bí owó bá ju iye_gàrí + 50 lọ”, “lọ” ni ó ń fi ibi tí ìṣirò náà parí hàn, a kò sì nílò àkámọ́ kankan mọ́.

Ó ku àkọtọ́. Láti 1975 ni ìjọba Benin ti ní álífábẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ fún àwọn èdè ilẹ̀ wa, tí ó ní ɛ, ɔ àti sh, nígbà tí ìwé orin ìjọ ń lo ẹ, ọ àti ṣ. Ọmọ kan náà lè ka méjèèjì lọ́jọ́ kan. Unicode, ètò tí ó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, tún dá kún un: ọ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, ọ̀nà mẹ́rin ni a lè gbà tò ó pọ̀, ojú kò sì lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Python láti ẹ̀yà 3 ń sọ irú àwọn wọ̀nyẹn di ọ̀kan kí ó tó ka orúkọ, ṣùgbọ́n kò ní sọ ɔ di ọ. Àwa ni a gbọ́dọ̀ kọ ìyẹn fúnra wa. “Di” kò ní wàhálà yìí rárá, nítorí bákan náà ni a ṣe ń kọ ọ́ ní Kétu àti ní Ìbàdàn.

Ìbéèrè tó kù ni ti ẹni tí ó bá kọ “jẹ” láìfi àmì ohùn sí i. Ní tèmi, kí ẹ̀rọ má ṣe méfò: kí ó dúró níbi ìlà náà, kí ó sì béèrè pé, “Ṣé ‘jẹ́’ ni ẹ fẹ́ kọ?”