Ṣé ìlérí Apple lórí àṣírí oníbàárà tó owó gọbọi tí à ń san?

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ láàárín èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti ń fà á, kò sì tíì já. Fóònù tí mò ń lò ti pé ọdún mẹ́fà. Bátìrì inú rẹ̀ ti wú débi pé gíláàsì ojú rẹ̀ ti gbéra sókè, èékánná mi sì ń wọ abẹ́ rẹ̀ ní apá ọ̀tún. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, nítorí ó ti sìn mí dáadáa. Ọkọ mi ní iPhone ni kí n rà, pé Apple nìkan ni kì í fi àṣírí oníbàárà ṣòwò. Èmi kò kọ̀, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni owó fóònù náà jẹ́ fún mi, mo sì ti kà á pé ilé iṣẹ́ yìí kan náà ló gbà láti san mílíọ̀nù 95 dọ́là ní oṣù kìíní ọdún 2025 kí ẹjọ́ kan lórí Siri, olùrànlọ́wọ́ inú iPhone tí à ń fi ohùn bá sọ̀rọ̀, lè parí. Bí ẹni tó ń polówó pé ọ̀rọ̀ inú yàrá mi kò kan òun bá ń san irú owó bẹ́ẹ̀, kí ni kí n gbà gbọ́?

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ká mi lára ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú láti ilé dé ilé. Púpọ̀ nínú wọn kò lè dìde wá ṣílẹ̀kùn, nítorí náà àpótí kékeré kan máa ń wà lára ògiri lẹ́bàá ilẹ̀kùn wọn, kọ́kọ́rọ́ ilé wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà ni a sì fi ń ṣí i. Mo kọ nọ́ńbà ilé mẹ́sàn-án sínú fóònù, torí pé orí mi kò lè gbé gbogbo rẹ̀. Ẹ̀dà ìwé ìrìnnà àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tún wà níbẹ̀, pẹ̀lú àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ìyá mi tí àbúrò mi ń yà ní fọ́tò ránṣẹ́ láti Òṣogbo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé ìlérí yìí fìdí múlẹ̀, àbí ariwo ọjà ni? Ṣé fóònù náà sì lágbára tó iye tí wọ́n ń tà á?

Bọ̀dá Agége

Ẹ̀gbọ́n, kí a tó dé orí àṣírí, ẹ má ṣe fi iná sí fóònù yẹn mọ́ rárá. Bátìrì tó bá ti wú lè gbiná. Bí iná bá ṣì kù nínú rẹ̀, ẹ kó àwọn fọ́tò yín jáde lónìí, kí ẹ pa á, kí ẹ gbé e kúrò nínú ilé tí àwọn ọmọ ń sùn, kí ẹ má sì fi ọwọ́ tẹ gíláàsì náà padà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Birmingham

Ìyá wa, ẹ ṣeun tí ẹ mẹ́nu kan àpótí ara ògiri yẹn, nítorí òun gan-an ni n óò fi ṣàlàyé. Iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Bí ilé iṣẹ́ kan bá ní òun ń pa àṣírí mọ́, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Ohun tó wà lára iPhone fúnra rẹ̀, ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Lẹ́yìn ìpànìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní San Bernardino, ní California, ní oṣù kejìlá ọdún 2015, FBI gba àṣẹ ilé ẹjọ́ ní oṣù kejì ọdún 2016 pé kí Apple kọ sófítíwíà tí wọn yóò fi ṣí iPhone 5c tí ọ̀kan nínú àwọn apànìyàn náà lò. Tim Cook, ọ̀gá àgbà Apple nígbà náà, kọ̀wé síta pé àwọn kò ní ṣe é, nítorí pé irinṣẹ́ tó bá lè ṣí ẹyọ kan, kò sí ohun tó ní kó má ṣí àwọn yòókù. Nígbà tó di oṣù kẹta, FBI fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn, torí pé wọ́n ti rí ẹlòmíràn tó bá wọn ṣí i. Nítorí náà, Apple dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ilẹ̀kùn náà sì ṣí síbẹ̀síbẹ̀. Ẹ fi àwọn méjèèjì sọ́kàn.

Ti iCloud, ibi tí Apple ń bá yín kó nǹkan pamọ́ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, yàtọ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà láti ṣọ́ọ̀bù, fọ́tò yín, ohun tí ẹ kọ sínú Notes (áàpù àkọsílẹ̀ inú fóònù), àti ẹ̀dà fóònù tó ń lọ síbẹ̀ lóru nígbà tí ẹ bá fi iná sí i, gbogbo rẹ̀ wà ní títì, ṣùgbọ́n Apple náà ní kọ́kọ́rọ́. Ìjọba tó bá mú àṣẹ tó bófin mu dé ọ̀dọ̀ wọn lè gbà á. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, wọ́n gbé ètò kan tí wọ́n pè ní Advanced Data Protection jáde, èyí tó fi kọ́kọ́rọ́ púpọ̀ nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí sí ọwọ́ oníbàárà nìkan. Ibi tó ti wá kan èmi àti ẹ̀yin nílùú ọba nìyí: ní ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 2025, lẹ́yìn tí ìròyìn jáde pé ìjọba ti fi òfin Investigatory Powers Act ọdún 2016 béèrè ọ̀nà láti wọlé síbẹ̀, Apple dáwọ́ ètò náà dúró fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ tàn án níbí. Páàsìwọ́ọ̀dù tí fóònù ń bá yín tọ́jú àti ìsọfúnni ìlera kò bá a lọ; Apple kò ní kọ́kọ́rọ́ àwọn yẹn. iMessage, áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ Apple, náà wà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀dà fóònù tó ń lọ sórí iCloud máa ń gbé kọ́kọ́rọ́ iMessage dání lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò sì mọ èyí. Ó dà bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn gbọin-gbọin, tó wá kó kọ́kọ́rọ́ sínú àpótí ara ògiri.

Bí ẹ bá wá ra iPhone, ẹ pa ẹ̀dà orí iCloud, kí ẹ máa fi ẹ̀dà fóònù sínú kọ̀ǹpútà ilé yín, kí ẹ sì fi páàsìwọ́ọ̀dù tì í. Bí ẹ bá gbàgbé páàsìwọ́ọ̀dù náà, ẹ kò ní lè ṣí ẹ̀dà yẹn mọ́, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ tọ́jú ìwé náà. Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ilé àwọn arúgbó yẹn kò yẹ kó wà nínú Notes lórí fóònù kankan, ìbáà jẹ́ ti Apple tàbí ti ẹlòmíràn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin, Ìbàdàn

Mo gba ohun tí Ọmọ Ìjẹ̀bú wí lórí kọ́kọ́rọ́, àmọ́ ọkọ Ìyá Ìbejì sọ pé Apple *nìkan*, ọ̀rọ̀ yẹn ni n kò lè gbé mì. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Apple gbé pátákó ìpolówó ràgàjì kan kọ́ sára ilé ní Las Vegas pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí iPhone yín, orí iPhone yín ni yóò wà. Ní oṣù keje ọdún náà, ìwé ìròyìn The Guardian gbé e jáde pé àwọn òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ń gbọ́ lára ohùn tí Siri gbà sílẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ láàárín dókítà àti aláìsàn. Apple tọrọ àforíjì ní oṣù kẹjọ, ó sì ní láti ìgbà náà lọ, ẹni tó bá fọwọ́ sí i nìkan ni ènìyàn yóò máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹjọ́ tó tẹ̀ lé e ni ti mílíọ̀nù 95 dọ́là yẹn. Wọ́n san án láìgbà pé àwọn jẹ̀bi.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, Apple pàṣẹ pé kí gbogbo áàpù máa gba àyè lọ́wọ́ oníbàárà kí wọ́n tó tọpa rẹ̀ káàkiri. Facebook ti fi odidi ojú ewé ìwé ìròyìn bínú sí ètò náà ṣáájú, èyí tó jẹ́ kí n gbà pé ó dun àwọn tó yẹ kó dùn. Síbẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 2023, àjọ CNIL tó ń ṣọ́ àṣírí aráàlú ní ilẹ̀ Faransé bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 8 yúrò lé Apple fúnra rẹ̀, nítorí pé lórí iOS 14.6, ìyẹn sófítíwíà tó ń darí iPhone, ó ń lo àmì ìdánimọ̀ fóònù fún ìpolówó inú App Store, ọjà áàpù rẹ̀, láìkọ́kọ́ gba àyè. Ẹni tó ní kí gbogbo àlejò bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, òun náà ni wọ́n bá tó ń fi bàtà rìn nínú pálọ̀. Nínú ẹjọ́ ìjọba Amẹ́ríkà pẹ̀lú Google, ó hàn síta pé bílíọ̀nù 20 dọ́là ni Google san fún Apple ní ọdún 2022 kí wíwá nǹkan lórí Safari, áàpù tí iPhone fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, lè máa gba ọ̀dọ̀ Google. Ẹni tó ní òun kò ta àṣírí ń gba owó ojú ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òdìkejì mọ́. Google tó ni Android gbà láti san mílíọ̀nù 391.5 dọ́là fún ìpínlẹ̀ 40 ní Amẹ́ríkà ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 lórí ìtọpa ibi tí oníbàárà ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bi yín: kí ni àbúrò yín ń fi fọ́tò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ìyá yín ránṣẹ́ láti Òṣogbo? Bó bá jẹ́ WhatsApp, ti Meta tó ni Facebook ni, Meta yìí náà ni àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà ní ilẹ̀ wa bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé ní oṣù keje ọdún 2024 lórí bó ṣe ń lo dátà àwọn ọmọ Nàìjíríà, tí ìgbìmọ̀ onídàájọ́ sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ síra yín wà ní títì lóòótọ́. Ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ àti ìgbà tí ẹ sọ ọ́, Meta mọ̀ ọ́n, fóònù tí ẹ bá gbé lọ́wọ́ kò sì yí ìyẹn padà.

Ìyá Ìbejì, Leeds

WhatsApp ni o. Mo ka èyí sókè fún ọkọ mi, ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin máa ń sọ̀rọ̀ jù. Ta ni yóò bá mi sọ ti agbára fóònù náà?

Atúnfóònùṣe, Ìkẹjà

Èmi nìyí, Ìyá Ìbejì. Ojoojúmọ́ ni mò ń tú iPhone ní Computer Village, mo sì lè sọ fún yín pé wọ́n dè é dáadáa. Ó tún ń pẹ́: iPhone XR tó jáde ní ọdún 2018 ṣì gba iOS 18 ní ọdún 2024. Ní báyìí, Samsung láti orí Galaxy S24 àti Google láti orí Pixel 8 ti ṣèlérí àpdéètì ọdún méje, nítorí náà Apple kò nìkan wà níwájú mọ́.

Ẹ̀ṣẹ̀ tí n kò tíì fi jì wọ́n ni èyí tó hàn síta ní oṣù kejìlá ọdún 2017. Bátìrì tó bá ti gbó kì í lè pèsè iná tó nígbà tí iṣẹ́ bá dé lójijì, fóònù a sì kú pii. Apple fi sófítíwíà dín eré fóònù kù kó má baà máa kú. Ọgbọ́n náà dára. Wọn kò sọ fún ẹni tó ni fóònù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣì í, torí pé ẹni tí bátìrì tuntun ìbá tó fún ti lọ ra odidi fóònù. Nígbà tí àṣírí tú, wọ́n dín owó bátìrì kù láti dọ́là 79 sí 29, wọ́n sì padà gbà ní ọdún 2020 láti san owó tó lè tó mílíọ̀nù 500 dọ́là. Ẹ má jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ti kíbọ́ọ̀dù MacBook, kọ̀ǹpútà alágbèéká Apple, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015, tí ẹ̀rún búrẹ́dì kan ṣoṣo lè mú kí lẹ́tà kan kọ̀ láti tẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan gbé tòkunbọ̀ kan wá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́wọ́ ẹnì kan. Bí a ṣe tàn án, ó ń béèrè páàsìwọ́ọ̀dù ẹni tó kọ́kọ́ ni ín, ẹni tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú wa. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i. Mo dá a padà fún un, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi fún ìgbà díẹ̀ kó tó lọ. Títì tó ń ṣọ́ yín lọ́wọ́ olè ni títì yẹn, nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ tàn án lójú ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì rí i pé ó wọlé títí dé orí ojú ìwé rẹ̀ láìbéèrè orúkọ ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá tún fẹ́ kó pẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí iPhone 15. Wọ́n ṣe bátìrì rẹ̀ kó ṣì ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà 1,000 tí a bá fi iná kún un dáadáa. Ìgbà 500 ni ti àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn tó ohun tí ẹ lè sanwó lé ju kámẹ́rà lọ.

Àǹtí Peckham

Ẹ rà á ní ṣọ́ọ̀bù tó ń fúnni ní rìsíìtì. Lábẹ́ òfin Consumer Rights Act ọdún 2015, bó bá ní àbùkù láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ lè dá a padà kí ẹ gba owó yín. Láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ṣọ́ọ̀bù ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé àbùkù náà kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tà á. Ẹ má gbà kí wọ́n ní kí ẹ lọ bá ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹni tó gba owó yín ni ẹ ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ti pa nọ́ńbà ilé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán rẹ́. Mo pe ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, ó ní áàpù iṣẹ́ tí wọ́n fún wa ti ní àyè fún un láti ọjọ́ kìíní, èmi ni n kò wò ó dé ìsàlẹ̀. Fóònù àtijọ́ wà nínú ìkòkò irin ní ẹ̀yìnkùlé, mo fi ìdérí bò ó nítorí òjò, n óò gbé e lọ síbi tí káńsù ti ń gba bátìrì.

N óò ra iPhone 15 tí wọ́n ti tún ṣe, ní ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú rìsíìtì. Ọkọ mi ń yọ̀ bí ẹni pé òun ló jàre. Mo ní kó yá mi ní kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí n máa fi ẹ̀dà fóònù sí i gẹ́gẹ́ bí Ọmọ Ìjẹ̀bú ṣe wí, ó gbà, mo sì bi í ní páàsìwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni.