Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí thangka, àwòrán ẹ̀sìn Búdà lórí aṣọ: báwo ló ṣe yẹ kó tóbi tó, ọ̀dà wo ni kí n sì lò?

Ẹ̀yin ayàwòrán, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe ẹ̀sìn Búdà ti àwọn ará Tibet ní kí n ya Búdà Oníṣègùn, Búdà tí wọ́n ń gbàdúrà ìwòsàn sí, sórí aṣọ fún igun tó ti ń gbàdúrà nílé. Ó fẹ́ kó ga tó mítà méjì. Ọkàn mi ò gbà á.

Aṣọ òwú tí wọ́n fi ẹfun àti àtè awọ ẹran kùn ni thangka. Ó ṣeé ká, àmọ́ bó bá tóbi jù, kíká àti títú a máa la ọ̀dà ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ràgàjì tí wọ́n ń tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkè, bíi ti Drepung, ilé àwọn mọ́ǹkì nítòsí Lhasa ní Tibet, nígbà àjọ̀dún Shoton, fi sábà máa ń jẹ́ sílíkì tí wọ́n gé, tí wọ́n rán pọ̀. Ọ̀ọ́kán ni èrò ti ń wò wọ́n. Tilé yìí, ìpéǹpéjú Búdà gan-an lọ̀rẹ́ mi á máa wò.

Búlúù ni ara Búdà yìí, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Azurite ni òkúta búlúù tí wọ́n ń lọ̀ fi ṣe ọ̀dà; èyí tí wọn ò lọ̀ kúnná máa ń dúdú minimini. Bó bá kúnná bí ẹlùbọ́, àwọ̀ rẹ̀ á ṣí, kò ní dúdú mọ́. Acrylic, ọ̀dà oníke ìgbàlódé, ò wọ́n, àmọ́ kò ní ìjìnlẹ̀ yẹn lójú mi.

Ṣé kí n rọ̀ ọ́ kó gba ìdajì mítà, kí n lè fowó ra azurite gidi? Ta ló ti lo àtè awọ nínú ilé tó lọ́rinrin? Ṣé kì í bu?