Mọ́ńdè ni mo máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Alágbàkà: aṣọ wo ni kí n wọ̀?

Ọmọ Ọ̀dà Road
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi yọ̀, mo ti ríṣẹ́. Ọ́fíìsì ìjọba ni, ní Alágbàkà l'Àkúrẹ́ níbí, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú fáìlì, Mọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí ni kí n sì dé ibẹ̀. Lẹ́tà tí wọ́n fún mi kò sọ nǹkan kan nípa aṣọ ju pé kí n múra bó ṣe yẹ. Láti ìgbà tí mo ti sin ìlú tán, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ní Ọjà Ọba ni mo wà, jíǹsì ni mo sì ń wọ̀ lọ.

Aṣọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Kóòtù àti síkẹ́ẹ̀tì dúdú tí ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ báńkì fẹ́ yá mi, àmọ́ ó há mi díẹ̀ ní ìbàdí. Gáùn aláwọ̀ ojú ọ̀run kan, ó lápá, ó kọjá orúnkún, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ti wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀kẹta ni ìró àti bùbá àǹkárá tí màmá mi rà nítorí iṣẹ́ yìí. Wọ́n fẹ́ kí n wọ̀ ọ́ gan-an. Sátidé ni télọ̀ ní òun máa parí ẹ̀.

Ọ̀kadà ni mo máa gùn jáde sí títì kí n tó wọ takisí, òjò sì ń rọ̀ lójoojúmọ́. Owó ọwọ́ mi kò tó aṣọ tuntun, bàtà nìkan ni mo lè rà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì
Kú oríire, ọmọ mi. Wàá jẹ èrè iṣẹ́ náà. Ọdún 23 ni mo lò ní Alágbàkà kí n tó fẹ̀yìntì, nítorí náà jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ yẹn ṣe máa rí fún ọ. Má rò pé wọ́n máa fi ọ́ jókòó sí ìdí tábìlì kan. Wàá mú lẹ́tà lọ bá àwọn admin, wọ́n á ní kí o lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn akáǹtì, àwọn yẹn á ní fọ́ọ̀mù kan ṣẹ́ kù, kí o lọ ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé ẹ̀rí, kí o mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù wá. Òkè, ilẹ̀, òkè, ilẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, bàtà gogoro ni mo wọ̀. Kó tó di aago kan ọ̀sán, mi ò lè tẹ gìgísẹ̀ mi mọ́lẹ̀ mọ́, mo sì ṣì ní ọ́fíìsì méjì láti dé.

Gáùn yẹn ni kí o wọ̀, pẹ̀lú bàtà pẹlẹbẹ tó bo ọmọ ìka. Àǹkárá màmá rẹ, Fúráìdè ló dáa fún. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo ènìyàn máa ń wọ aṣọ ilẹ̀ wa, tìrẹ á sì bá tiwọn mu.

Bàbá mi wà lára àwọn akọ̀wé tó kó wá láti Ìbàdàn nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Òndó sílẹ̀ ní 1976. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun méjì ni wọ́n ní. Wọ́n á fọ ọ̀kan lálẹ́, wọ́n á fi sítáàṣì sí i, wọ́n á wọ èkejì. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé wọn kò múra dáadáa rí.

Kóòtù Ló Dáa
Mo kí ìyá wa o, ṣùgbọ́n èmi ò gbà. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ọ̀gá tí kò mọ̀ ọ́n rí, aṣọ ló máa kọ́kọ́ rí. Kó wọ kóòtù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀, ó lè dín in kù. Ó sàn kéèyàn múra jù ju kéèyàn má múra tó lọ.

Aránṣọ Ọjà Ọba
Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀wù àgbàwọ̀ kì í yẹni. Bí kò fúnni lápá, a ṣoni lẹ́sẹ̀. Èyí tó sì ti há mọ́ ọn ní ìbàdí báyìí, nígbà tó bá jókòó tó dìde bí ìgbà mẹ́wàá, ojú rírán ẹ̀yìn ló máa kọ́kọ́ já. Ṣé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa wá bá a rán an ní Alágbàkà?

Àbúrò mi, iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí, òótọ́ ni mo sì fẹ́ bá ọ sọ. Má gbára lé Sátidé. Aṣọ ẹbí àwọn tó ń lọ òde lọ́jọ́ náà ni gbogbo wa máa ń jókòó tì ní alẹ́ Fúráìdè títí ilẹ̀ á fi mọ́. Aṣọ tí kì í ṣe ti òde, Mọ́ńdè la máa ń padà sí i. Bí télọ̀ rẹ bá tilẹ̀ mú un wá, o kò ní ráyè tún un ṣe tí ọrùn bá fẹ̀ jù.

Ní ti gáùn, wọ̀ ọ́ lónìí. Jókòó, bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú fáìlì nílẹ̀, na ọwọ́ sókè. Lẹ́yìn náà, dúró sínú oòrùn kí ẹnì kan wò ọ́ láti ẹ̀yìn. Àwọ̀ ojú ọ̀run máa ń fi ara hàn, ó yẹ kí o wọ yẹ̀rì sábẹ́ ẹ̀. Yẹ ìṣẹ́tí àti bọ́tìnnì wò. Tó bá nílò abẹ́rẹ́, gbé e wá bá mi lọ́la, mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Kóòtù Ló Dáa
Tó bá há mọ́ ọn, mo gbà, kó fi sílẹ̀. Mi ò fi ọkàn sí ibi tó ti sọ ọ́ ni.

Ẹlẹ́rẹ̀ Pupa
Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà ni tèmi, torí àdúgbò tí kò ní ọ̀dà lèmi náà ń gbé. Sílípáàsì ni kí o wọ̀ kúrò nílé, kí bàtà wà nínú láílọ́ọ̀nù. Wọ táìtì sábẹ́ gáùn. Mú aṣọ ìnura kékeré dání fún ẹsẹ̀ àti ìṣẹ́tí, nítorí ẹrẹ̀ pupa ilẹ̀ wa yìí, tó bá gbẹ sára aṣọ, ó di ìgbà tí a bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kó tó kúrò. Fi láílọ́ọ̀nù méjì bo ìwé ẹ̀rí rẹ, èyí ṣe pàtàkì ju aṣọ lọ. Bí Màrúwà bá wà, jọ̀ọ́ wọ ọ́.

Ra bàtà náà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ máa ń wú. Òkìríkà tó ti rọ̀ sàn ju tuntun tó le lọ. Máa wọ̀ ọ́ rìn nínú ilé títí di Sọ́ńdè.

Ummu Àbíkẹ́
Kò gbọdọ̀ gbàgbé pé iná lè lọ. Kó lọ aṣọ náà lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́fínńdà díẹ̀ ló tó, yàrá fáìlì kì í sábà ní atẹ́gùn.

Ọmọ Ọ̀dà Road
Ẹ ṣé gan-an. Gáùn ni. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ fún màmá mi? Owó àjọ wọn ni wọ́n fi ra àǹkárá yẹn.

Ìyá Ìbejì
Má sọ pé o kò wọ̀ ọ́. Sọ ọjọ́ tí o máa wọ̀ ọ́. Kúnlẹ̀, kí o ní, "Màámi, Fúráìdè ni mo fẹ́ kí wọ́n rí i." Kí o sì ní kí wọ́n bá ọ yan yẹtí tí o máa fi sí gáùn. Wọ́n fẹ́ kí ọwọ́ àwọn wà nínú ọjọ́ náà ni.

Ọmọ Ọ̀dà Road (Mọ́ńdè, alẹ́)
Ẹ kú àdúrótì o. Ọ́fíìsì mẹ́fà ni mo wọ̀ lónìí. Òjò pa mí ní oríta, ìwé mi kò tutù. Yẹtí màmá mi ni mo fi sétí, àwọn fúnra wọn ni wọ́n lọ gáùn náà. Aránṣọ, ẹ ṣeun fún bọ́tìnnì. Télọ̀ kò tíì mú àǹkárá wá, ó ní ọ̀la.